Ẹ Dá Igi Sí fún Ẹyẹ Àlejò

Ẹyẹ kan ń wá sí Abẹ́òkúta lọ́dọọdún tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé àlejò ni. Willow Warbler ni àwọn òyìnbó ń pè é. Nǹkan bíi gíráàmù 10 ni, bí ẹni gbé abala ìwé méjì lé àtẹ́lẹwọ́. Igbó Swẹ́ẹ̀dìn, Finland àti Rọ́ṣíà ló ti ń yé ẹyin, nínú koríko nílẹ̀. Bí òtútù bá dé tí kòkòrò tán lọ́hùn-ún, á gbéra. Òru ló fi ń rìn. Á sọdá òkun, á la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, kó tó bà sọ́dọ̀ wa.

Igi odán kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìbarà. Ibẹ̀ la ti máa ń rí i nígbà ọyẹ́: ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ewé tó ń pọ́n bọ̀, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókè ojú rẹ̀. Kì í dúró sójú kan. Á yẹ abẹ́ ewé wò, á ṣa kòkòrò, á fò sí ẹ̀ka mìíràn. Ìgbà náà ló ń pààrọ̀ gbogbo ìyẹ́ rẹ̀. Bó bá kù díẹ̀ kó padà, á máa kọrin. Ohùn rẹ̀ á gbéra lókè, á rọra máa sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti gé igi náà. Wọ́n ní ewé rẹ̀ ń dọ̀tí àgbàlá.

Ọ̀ràn náà ju igi kan lọ. Ó lé ní 120 ọdún tí ìjọba ti ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀ létí odò Ògùn. Lónìí, oko, gẹdú àti èédú ti jẹ ẹ́ wọnú. Igbó Arákangá tó sún mọ́ ìlú náà kò mórí bọ́. Ẹyẹ tó la Sàhárà kọjá, kùkùté ha ni yóò jẹ?

A mọ̀ pé ẹni tó ń sun èédú lọ́mọ tó ń bọ́. Òun kọ́ ni ká kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ní Òkè Mosàn, ibùjókòó ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn, la ń bá wí. Ẹ má fún agégẹdú kankan láṣẹ mọ́ ní Olókèméjì àfi tó bá ti gbin òmíràn dípò, kó sì jẹ́ ìrókò, apá àti arère, kì í ṣe tíìkì nìkan. Ẹ sanwó àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó lásìkò. Ẹ̀yin onílé náà, ẹ jẹ́ kí igi kan ṣẹ́ kù lágbàlá. Òjò ti ń rọ̀. Ẹ jẹ́ ká ti gbìn ín kí oṣù kẹwàá tó dé.