Olówó Ti Gba Àǹfààní Tirẹ̀, Aláìní Ṣì Ń Dúró

Ọjọ́ tí olówó bá kó owó sínú àjọ ìtọrẹ àánú ni àǹfààní dídín owó orí kù ti tọ́ sí i. Wọn kì í ní kó ṣe sùúrù. Aláìní tí wọ́n torí rẹ̀ dá àjọ sílẹ̀ ni wọ́n ń ní kó dúró ná, owó ṣì ń bímọ.

Ní England àti Wales, kò sí òfin tó sọ iye tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ pín lọ́dọọdún. Charity Commission, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àwọn àjọ àánú níbẹ̀, ń gba ìṣirò owó wọn, ó sì lè tú ìwé wọn wò, àmọ́ kì í dá iye tí wọ́n máa pín lọ́dọọdún fún wọn. Ti Amẹ́ríkà sàn díẹ̀: láti 1969 ni òfin ti ń fipá mú àwọn àjọ aládàáni láti tú owó sílẹ̀. Lónìí, nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 dúkìá tí wọ́n fi ń dókòòwò ni. Ó yẹ kí England ṣe irú rẹ̀.

Àmọ́ kí wọ́n má dà á kọ tihòtihò o. Owó oṣù òṣìṣẹ́, owó ọ́fíìsì, owó ìrìnàjò ìgbìmọ̀ alámòójútó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n lè kà mọ́ ìdá 5 yẹn, bí kò bá ṣáà ti pọ̀ jù. Ẹni tó fi ọmọ rẹ̀ sí ìgbìmọ̀, tó ń sanwó iṣẹ́ fún un, lè pe ìyẹn náà ní àánú! Wọ́n tún lè kó owó sínú donor-advised fund, ìyẹn àpò tí àjọ àánú mìíràn ń tọ́jú, tí ẹni tó kó owó sí i ń dábàá ibi tí wọ́n máa fún, kí wọ́n ní àwọn ti pín in, bẹ́ẹ̀ òfin ò dá ọjọ́ tí yóò kúrò níbẹ̀. Lójú tiwa, owó tó dọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àánú gan-an nìkan ló yẹ ní kíkà.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ọjà ìdókòòwò lè já lulẹ̀, kí àjọ kú. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán. Kí wọ́n fi ọdún mẹ́ta ṣe ìṣirò iye tí àjọ gbọ́dọ̀ pín dípò ọdún kan. Síbẹ̀, nígbà Kòrónà ní 2020, Ford Foundation, àjọ ìtọrẹ àánú ńlá kan ní Amẹ́ríkà, yá bílíọ̀nù 1 dọ́là kó lè fi kún ohun tó ń pín.

Ìgbìmọ̀ alámòójútó ńkọ́? Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ New York sọ nínú ẹjọ́ tó pè ní 2018 pé ìgbìmọ̀ Donald J. Trump Foundation kò ṣèpàdé láti 1999. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ ní kí Trump san mílíọ̀nù 2 dọ́là. Nítorí náà, iye ìgbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, ẹni tó wá, àti ẹni tó bá àwọn tó gba owó tan tàbí tó ń bá wọn ṣòwò, kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìròyìn ọdọọdún tí ará ìlú lè kà. Àjọ tó bá kọ̀, kí ìjọba gba àǹfààní owó orí lọ́wọ́ rẹ̀.