Fọ́ọ̀mù mẹ́jọ kì í ṣe ọ̀nà mẹ́jọ

Ní Sátidé tó kọjá, níbi ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún tí a lọ bá ọ̀rẹ́ wa kan ṣe níhìn-ín ní Houston, mo tún gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí etí mi ti kún fún láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì àṣekágbá ń ṣàlàyé fún gbogbo tábìlì wa pé Harvard, Yale, Princeton àti àwọn yunifásítì ńlá márùn-ún yòókù nílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ń jẹ́ Ivy League ni ọmọ òun yóò kọ ìwé sí, nítorí pé "nínú mẹ́jọ, ọ̀kan á mú un, kò lè ṣàì mú un." Ẹnìkan ṣe àmín. Bọ̀ọ̀dá kan fi kún un pé ẹni tó bá da àwọ̀n mẹ́jọ sódò kò lè padà sílé lọ́wọ́ òfo. Mo gbìyànjú láti dákẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí n kò lè dákẹ́ mọ́, tí mo ní kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ìyá náà dá mi lóhùn pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ àìnígbàgbọ́ sí ọmọ mi lára." N kò bá ìgbàgbọ́ wọn jà. Ìṣirò wọn ni kò tọ̀nà.

Bí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ bá jókòó ṣírò rẹ̀, ohun tí yóò sọ ni pé bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ń gba ọmọ 5 nínú 100, mẹ́jọ irú rẹ̀ yóò sọ àǹfààní ọmọ òun di 40 nínú 100. Kódà bí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá ń ṣẹ́ kèké lórí orúkọ àwọn ọmọ, tí èyí kò sì mọ ohun tí ìyẹn mú, nǹkan bíi 34 ni yóò jáde, èyí tó túmọ̀ sí pé nínú ọmọ mẹ́ta tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, bíi méjì ni yóò gba lẹ́tà "a kò gbà ọ́" lẹ́ẹ̀mẹjọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó ń ṣẹ́ kèké nínú wọn. Máàkì ọdún mẹ́rin kan náà ni mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń kà, èsì ìdánwò kan náà, lẹ́tà kan náà láti ọwọ́ olùkọ́ kan náà, àti àròkọ kan náà tí ọmọ kọ sínú Common App, ìyẹn fọ́ọ̀mù àjùmọ̀lò tí ọmọ lè fi ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó pọ̀ tó 20. Ohun tí wọ́n ń wá nínú àwọn ìwé yẹn sì jọra púpọ̀. Bọ̀ọ̀dá tó sọ̀rọ̀ àwọ̀n gbàgbé láti béèrè bí ojú àwọ̀n ṣe rí: bí ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá fẹ̀ bákan náà, ẹja tó bá gba inú èkíní jáde yóò gba inú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jáde.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ lórí èyí ni ìròyìn tí àwọn ènìyàn wa fúnra wọn máa ń gbé kiri. Ní 2015, Harold Ekeh, ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, tó ń lọ sí Elmont Memorial High School ní Long Island, rí ààyè ní mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó sì yan Yale. Ní 2016, Augusta Uwamanzu-Nna, láti ilé-ìwé yẹn kan náà, tún rí ààyè ní mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó sì yan Harvard. Gbogbo wa la gbọ́ ọ, gbogbo wa la sì yọ̀. Ohun tí àwọn òbí rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ náà kọ ìwé sí mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó wò. Bí ìpinnu ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bá dá dúró bíi kèké, tí ọmọ sì ní àǹfààní 5 nínú 100 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ kan tó lè rí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbà pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò ṣẹlẹ̀ nínú ìgbà tó lé ní bílíọ̀nù 25. Gbogbo ènìyàn tó wà láyé kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 8 lọ. Síbẹ̀ ó ṣẹlẹ̀ ní ilé-ìwé kan ṣoṣo ní ọdún méjì tó tẹ̀léra. Èyí fi hàn gbangba pé ìpinnu wọn jọ ń rìn ni: ọmọ tí ìwé rẹ̀ bá wọ ọ̀kan lójú, ó ṣeé ṣe kó wọ àwọn yòókù lójú, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ọ̀kan kò bá rí nǹkan àrà nínú ìwé rẹ̀, kò sí ìdí tí ti èkeje tàbí ti ẹ̀kẹjọ yóò fi yàtọ̀. Ó dá mi lójú pé àwọn ọmọ méjèèjì yìí ì bá wọlé bí wọ́n bá fi ìwé wọn ránṣẹ́ sí méjì péré.

Ìwé ìròyìn kì í sì í gbé àwòrán ọmọ tí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kọ̀. Àwọn tó fẹ́ wọ Harvard ní 2022 jẹ́ 61,220, 1,954 ni wọ́n gbà. Kí ẹni tó ń fi ìròyìn Long Island ṣe ẹ̀rí sọ fún mi inú ìwé ìròyìn wo ni ó ti ka orúkọ àwọn 59,266 tó kù.

Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí, ìdí nìyẹn tí sùúrù mi kò fi pọ̀. Nígbà tó kan ọmọbìnrin mi àgbà, èmi fúnra mi ni mo jókòó tì í, tí mo ń ka orúkọ yunifásítì ńlá mẹ́sàn-án fún un bí ẹni ń ki oríkì. Olùdámọ̀ràn ilé-ìwé rẹ̀ ní kí a fi méjì tàbí mẹ́ta tó dájú kún un. Mo rò pé ńṣe ni obìnrin náà ń fojú kéré ọmọ mi, mo sì gbà kí a fi ẹyọ kan sí i kí a lè rí i pa lẹ́nu mọ́. Owó fọ́ọ̀mù nìkan sún mọ́ dọ́là 700. Ọmọ náà fi gbogbo ìsinmi Kérésìmesì kọ àròkọ lóru, èyí tó kọ gbẹ̀yìn kò sì dára tó ìdajì èyí tó kọ ṣáájú, nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí oṣù kẹta fi parí, méje ti ní àwọn kò gbà á, méjì ní kí ó dúró lórí ìlà, ìlà náà kò sì sún. Ẹyọ tí a fi pa olùdámọ̀ràn lẹ́nu mọ́ ló gbà á. Ṣùgbọ́n oṣù kìíní ni a tó fi fọ́ọ̀mù tiwọn ránṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn sìkọ́láṣíìpù tí wọ́n ń fún ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá ga. Máàkì tirẹ̀ ga tó, ó tiẹ̀ ṣẹ́kù. Ọmọ náà gbádùn ibẹ̀, ó sì yege, ṣùgbọ́n ó ṣì ń san gbèsè títí di òní, àìmọ̀kan mi ló sì kó o sí i.

Ohun mìíràn tó ń bí mi nínú ni bí a ṣe ń pe orúkọ mẹ́jọ yìí bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n. Ẹgbẹ́ eré ìdárayá ni Ivy League, 1954 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀. Brown ti fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ láti 1969 kí ó máa fúnra rẹ̀ yan ohun tó fẹ́ kọ́, nígbà tí Columbia ní àkójọ ẹ̀kọ́ dandan tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́. Dartmouth wà ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Hanover, Columbia wà ní Manhattan, nínú ìlú ńlá New York. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń béèrè pé kí ọmọ ṣàlàyé ìdí tó fi fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn. Báwo ni ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún yóò ṣe kọ ọ́ sí Brown pé òmìnira ni òun ń wá, kí ó tún kọ ọ́ sí Columbia pé ẹ̀kọ́ dandan ló wu òun, kí ẹni tó ń kà á má sì mọ̀ pé irọ́ ni?

Ìsàlẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ àkójọ náà. Kí a kọ́kọ́ wá ilé-ẹ̀kọ́ méjì tí yóò gba ọmọ láìsí àní-àní, tí owó rẹ̀ kò ju agbára wa lọ, tí inú ọmọ yóò sì dùn láti lọ. Lẹ́yìn náà ni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí máàkì rẹ̀ bá ti àwọn tí wọ́n ń gbà mu, kí a tó wá fi ọ̀kan tàbí méjì tó ga jù lé e lórí. Fún àwa tí a wà ní Texas, òfin 1997 ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún wa: ọmọ ilé-ìwé girama ìpínlẹ̀ yìí tó bá wà lára 10 àkọ́kọ́ nínú 100 ní kíláàsì rẹ̀ ní ààyè ní yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ bí ó bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lásìkò, àyàfi èyí tó wà ní Austin, tí òfin gbà láàyè láti fi ìwọ̀n tirẹ̀ le sí i. (Ẹ ṣọ́ra o: ààyè ní yunifásítì kò túmọ̀ sí ààyè ní ẹ̀ka nọ́ọ̀sì tàbí ti ẹnjiníà.)

Ti owó ńkọ́? Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó ń fún ọmọ ní owó nítorí pé ó mọ̀wé. Bí owó tó ń wọlé fún òbí bá ṣe kéré tó ni wọ́n fi ń ṣèrànwọ́, wọ́n sì lawọ́ sí ẹni tí kò ní, ṣùgbọ́n tọkọtaya nọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n ń ṣe àfikún iṣẹ́ alẹ́ lè rí i pé wọn kò tíì ka àwọn sí ẹni tí kò ní. Láti 2011 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti mú kí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìṣirò owó sí orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, níbi tí òbí yóò ti rí iye tí ó ṣeé ṣe kí ó san. Kò gba ìṣẹ́jú ọgbọ̀n. Àwọn òbí tí mo ti bi léèrè bóyá wọ́n ṣe é pọ̀, àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni kò pé márùn-ún.

Mo gbà pé ènìyàn ló ń ka ìwé, ojú ènìyàn kan sì yàtọ̀ sí ti èkejì, nítorí náà ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kejì tàbí ìkẹta lè bu díẹ̀ kún àǹfààní ọmọ. Ìkẹjọ kò lè bu ohun tó tó owó fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Kí a tó dìde ní Sátidé, ìyá náà sún mọ́ mi, ó sì rọra béèrè pé báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ ipò tí ọmọ wà ní kíláàsì, kí òfin tí mo sọ yẹn lè kàn án. Mo ní ó wà nínú ìwé máàkì tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́ sí i. Ó ní òun rò pé ìwé owó oúnjẹ ọ̀sán ni, òun kò sì tíì ṣí i.