"Hey Tuttie Tatie" kọ́ ni Robert Bruce fi yan lọ sógun

Ẹni tó bá ti gbọ́ orin "Scots Wha Hae" rí, ewì tí Robert Burns, akéwì ará Skọ́tlándì, kọ, á ti gbọ́ ìtàn tí wọ́n máa ń sọ mọ́ ọn: pé ohùn orin náà, "Hey Tuttie Tatie", ni àwọn ọmọ ogun Robert Bruce, ọba Skọ́tlándì, fi yan lọ pàdé Edward Kejì, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ní Bannockburn lóṣù kẹfà ọdún 1314. Àwọn Faransé náà gbà á gbọ́. Wọ́n ní òun làwọn ará Skọ́tlándì fi yan nígbà tí Joan of Arc, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ṣáájú ogun Faransé, wọ Orléans ní 1429.

Òótọ́ ni pé àwọn ará Skọ́tlándì jagun lẹ́yìn Joan. Ti orin yẹn ni kò lẹ́rìí.

Ẹ wo John Barbour. Ní nǹkan bí ọdún 1375, ó kọ ewì gígùn nípa Bruce. Ó ròyìn Bannockburn dórí kòtò tí wọ́n gbẹ́ de àwọn ẹlẹ́ṣin, síbẹ̀ kò dárúkọ orin kankan. Froissart, tó fi èdè Faransé kọ ìtàn ogun ayé ìgbà yẹn, ní ìwo ni àwọn ọmọ ogun Skọ́tlándì máa ń gbé kọ́rùn. Wọ́n á jọ fun ún lẹ́ẹ̀kan náà, tí ariwo rẹ̀ á sì kó jìnnìjìnnì bá ọ̀tá. Nígbà tí James Johnson tẹ "Hey Tuttie Tatie" sínú ìwé orin rẹ̀ ní Edinburgh ní 1788, orin ọtí ni wọ́n ń fi ohùn rẹ̀ kọ.

Robert Burns ló tan ìtàn yìí kálẹ̀, àmọ́ òun gan-an kò búra sí i. Nínú lẹ́tà tó kọ sí George Thomson, tó ń kó orin Skọ́tlándì jọ sínú ìwé, lópin oṣù kẹjọ ọdún 1793, ó ní ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, tí òun ti gbọ́ níbi púpọ̀. Ó tún ní ìjà òmìnira mìíràn, tí kò tíì pẹ́ tó ti Bruce, wà lọ́kàn òun. Ọjọ́ wọ̀nyẹn gan-an ni wọ́n ń dá Thomas Muir, agbẹjọ́rò ará Skọ́tlándì, lẹ́jọ́ ní Edinburgh, torí pé ó ní kí wọ́n jẹ́ kí mẹ̀kúnnù máa dìbò. Ọdún 14 ni wọ́n ní kó lọ lò nígbèkùn lókè òkun. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn: bá a ṣe ń pariwo 1314, Muir ò jẹ́ nǹkan kan létí ẹnikẹ́ni mọ́.

Thomson pàápàá kò ka ohùn náà sí. Ó ní kí Burns fa ìlà ewì rẹ̀ gùn kó lè bá ohùn mìíràn mu, Burns sì ṣe bẹ́ẹ̀.