Akólòlò Á Pe Baba, Ta Ló Dúró Gbọ́ Ọ?

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, òwe tí a fi ń tu ìyá tí ọmọ rẹ̀ kàwé tán tí kò ríṣẹ́ nínú nìyí, òun náà la fi ń tu ẹni tó ti ń kọ́lé tipẹ́ tí kò tíì kan òrùlé nínú. Sùúrù la fi ń kọ́ni, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú òwe náà tí a kì í dárúkọ, ìyẹn ẹni tó dúró títí akólòlò fi pe baba tán. Bí gbogbo ará ilé bá ti kẹ̀yìn sí i nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n lórí "ba", ta ni yóò gbọ́ baba ọ̀hún? Àwọn kan wà tí wọ́n fi ìdúró yẹn ṣe iṣẹ́ ayé wọn, a kò sì tíì mọ bí a ṣe ń yìn wọ́n.

Àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀, tí wọ́n ń pè ní speech therapist lọ́sibítù, ni mò ń wí. Ẹlòmíràn rò pé akólòlò nìkan ni wọ́n ń tọ́jú. Rárá o. Ọmọ ọdún méjì tí kò tíì lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ọmọ tí a bí pẹ̀lú ètè tó là àti àjà ẹnu tó ṣí, tí wọ́n rán tán síbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ń gba imú rẹ̀ jáde, tíṣà tí ariwo kíláàsì ti ba ohùn rẹ̀ jẹ́, bàbá àgbà tí omi lásán ń pá lórí lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀: ọwọ́ wọn ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí.

Mo mọ ìyá kan tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo. Ẹnu rẹ̀ dùn. Bí oníbàárà bá ní ọjà wọ́n, á bá a tàkúrọ̀sọ títí onítọ̀hún á fi rẹ́rìn-ín sanwó. Rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ọwọ́ ọ̀tún rọ, ọ̀rọ̀ sì lọ. A gbé òbòkún síwájú rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n, ó mọ iye tó yẹ kó tà á, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò wá sẹ́nu. Àwọn kan ní iyè rẹ̀ ti ra, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kò ya dìndìnrìn. Apá òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ wà fún èyí tó pọ̀ jù nínú wa, apá yẹn náà ló sì ń darí ọwọ́ ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tí méjèèjì fi sábà ń bàjẹ́ pọ̀. Láti 1861 ni Paul Broca, dókítà ará Faransé, ti ń fi èyí han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Obìnrin tó tọ́jú ìyá yìí kò fi orúkọ ẹja bẹ̀rẹ̀. Orin tí ìyá ń kọ ní àsàlátù ló dá. Ìyá sì gbè é, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ketekete. Ilé dàrú fún ayọ̀. Ó yéni: orin kì í gba ojú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lásán nínú ọpọlọ, àwọn onímọ̀ kan ní Boston sì ti sọ ọ́ di ọ̀nà ìtọ́jú láti 1973. Láti inú orin ló fà á bọ́ sínú ìkíni, láti inú ìkíni bọ́ sínú owó kíkà. Obìnrin náà máa ń fi ọwọ́ òsì ìyá lu tábìlì bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ pọ̀: ò, bò, kún. Ọ̀sẹ̀ gorí ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá dá a sọ fúnra rẹ̀, obìnrin náà kò pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Màmá, èló lẹ ń tà á?" Ìyá sì dá a lóhùn.

Nígbà tí ìyá padà sọ́jà, tolórí tẹlẹ́mù ló ń kí i, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ obìnrin yẹn. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Bí káfíńtà bá kan àga, a ó máa rí àga. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu èèyàn, ọ̀rọ̀ náà ti di ti ẹni ẹlẹ́ni.

Ọba Jọ́ọ̀jì Kẹfà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ rẹ̀ wà lára kọ́bọ̀ oníhò tí àwọn bàbá wa ná, akólòlò ni. Ní 1926, kó tó jọba, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ Lionel Logue, ará Ọsirélíà tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹnu, tí kì í ṣe dókítà. Lọ́dún tí wọ́n dé e ládé, 1937, ó fi oyè Royal Victorian Order dá Logue lọ́lá, ó tún gbé oyè náà ga fún un ní 1944. Ojú Logue ló ṣe gbogbo rẹ̀, kò dúró de ìsìnkú.

Àwọn oníṣẹ́ náà fúnra wọn kò fi ìyìn ṣeré. Ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925, ní Honors of the Association, òun ló ga jù nínú gbogbo oyè tí wọ́n ń fi dáni lọ́lá. Ní Ọsirélíà, wọ́n ní ẹ̀bùn tí wọ́n fi sọrí Elinor Wray, obìnrin tó ṣáájú gbogbo wọn nínú iṣẹ́ náà níbẹ̀. Charles Van Riper ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn wọn: akólòlò gan-an lòun náà, ó sì dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Western Michigan ní Amẹ́ríkà ní 1936 fún àwọn tó ń jẹ irú ìyà tó jẹ.

Yinni yinni, kí ẹni ó lè ṣe òmíràn. Àwọn àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ìyìn a máa fún apá lágbára. Lọ́jọ́ Káyókáyó, tí a ń rántí bí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí oyè, ṣe gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851, àwọn olówó àti àwọn olóṣèlú là ń pè sí ìjókòó iwájú. N kò ní kí wọ́n dìde. Mo ní kí a fi àga kan kún un. Bí ẹni tó jókòó síbẹ̀ bá jẹ́ olùtọ́jú ọ̀rọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, kí a má kàn fún un ní àwo onígíláàsì kí a sì ya fọ́tò. Ẹ pe ẹni tó tọ́jú jáde, kó gba makirofóònù, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, bó ti wù kó falẹ̀ tó, kí alága ìjókòó má sì bá a parí gbólóhùn.

Ìyìn míì wà tí kò ná wa ní nǹkan kan, òun ni kí a gbọ́ ohun tí àwọn olùtọ́jú yìí ń sọ. Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ bá pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ẹ má dúró lórí pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́. Ẹ lọ yẹ etí rẹ̀ wò ná, nítorí ohun tí ọmọ kò gbọ́ kò ní lè sọ. Bó bá ń kólòlò, ẹ má sọ pé "rọra", ẹ má gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ wo ojú rẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ, ẹ fi bó ṣe ń sọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún ló máa ń bọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn jókòó sílé tó bá ń pẹ́ jù.

Èyí tó wù mí jù ni kí Ẹ̀pẹ́ ní olùtọ́jú ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ ìlú dá owó, kí wọ́n mú ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan tó ní sùúrù lọ síbẹ̀, kí wọ́n fi orúkọ ọ̀kan nínú àwọn àgbà iṣẹ́ náà sọ ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀hún nígbà tí àgbà náà ṣì wà láàyè. Kí ìgbìmọ̀ ọdún Káyókáyó tó ń bọ̀ jíròrò èyí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yan aṣọ ẹgbẹ́.