Ta ló ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ‘wear’ ń jẹ́ lédè Telugu?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé iṣẹ́ ògbufọ̀ ò ju kéèyàn ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, kó wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó mú èyí tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀, ó parí. Àwọn kan tún fi kún un pé èdè tí kò bá ní ọ̀rọ̀ kan pàtó tó bá ti Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba, èdè náà ò kún tó. Irọ́ gbuu ni méjèèjì. Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan péré, ‘wear’, ti tó láti fi já a, èdè Telugu ni màá sì gbé e kà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe Telugu ní Hindi o. Èdè àwọn ará Andhra Pradesh àti Telangana ni, ní gúúsù Íńdíà. Nínú ìkànìyàn ọdún 2011, àwọn tí èdè abínibí wọn jẹ́ Telugu lé ní mílíọ̀nù 81. Àwọn kan wà nínú ohun tí à ń pè ní “fíìmù Íńdíà” nílé wa tó jẹ́ pé Hyderabad, olú ìlú Telangana, ni wọ́n ti ń ṣe é, Telugu ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Ẹbí kan náà ni Telugu pẹ̀lú Tamil àti Kannada. Kì í ṣe ọmọ Sanskrit, èdè àtayébáyé kan ní Íńdíà, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò láyé ọjọ́un. Láti ọdún 1816 ni Francis Whyte Ellis, tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Madras ní gúúsù Íńdíà, ti kọ ìyẹn sílẹ̀.

Bí o bá wá ‘wear’ nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dharinchu lo máa kọ́kọ́ rí. Kì í ṣe irọ́. Ọ̀dọ̀ Sanskrit ni wọ́n ti yá a, ìwé ìròyìn ń lò ó, ìkìlọ̀ pé kí àwọn ọlọ́kadà dé akoto ń lò ó, ìtàn àwọn òrìṣà wọn náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n lọ fi dharinchu bi ọ̀rẹ́ rẹ obìnrin bóyá sàrí, aṣọ àwọn obìnrin Íńdíà, ló máa wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó. Yóò yé e o, àmọ́ ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín, torí ńṣe lo dà bí ẹni tó ń ka ìròyìn fún un.

Ohun tó ń ti ẹnu èèyàn jáde nílé yàtọ̀. (Mo fi ábídí tiwa kọ ọ́ bí àwọn ọ̀dọ́ wọn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù.) Sàrí, ìyẹn cheera, kò ní bọ́tìnì, kò ní síìpù, aṣọ gígùn tó tó yáàdì 6 ni, wọ́n á yí i mọ́ ìdí, wọ́n á ká a ní ìpele-ìpele níwájú, wọ́n á ju etí rẹ̀ kọ́ èjìká. Torí náà síso ni wọ́n ń so ó: kattukonu. Ṣẹ́ẹ̀tì àti bàtà ń gba vesukonu. Awò ojú, aago ọwọ́, òdòdó inú irun àti àmì pupa iwájú orí, pettukonu ni, láti ara pettu, tó túmọ̀ sí kí a fi nǹkan síbì kan. Láwàní ń kọ́? Chuttukonu, ìyẹn ni pé wọ́n ń wé e.

Ìwọ tó o bá ní ìdàrúdàpọ̀ lèyí, sọ fún mi bóyá o ti gbọ́ ẹni tó “wọ gèlè” rí. À ń wọ bùbá, à ń ró ìró, à ń wé gèlè, à ń dé fìlà, à ń ki òrùka bọ ìka. Gẹ̀ẹ́sì ló da gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan. Kò sẹ́ni tó sọ fún Gẹ̀ẹ́sì pé òun ni kò kún tó.

Ẹ tún wo -konu tó wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Òun ló ń sọ pé ara ẹni lèèyàn ṣe é sí. Bí ìyá bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì fún ọmọ rẹ̀, chokka vesindi; bó bá wọ̀ ọ́ fún ara rẹ̀, chokka vesukundi (-konu ló di -kun- níbẹ̀ yẹn). Bí o bá fo -konu, ẹni tó ń gbọ́ ọ á máa wá ọmọ tí wọ́n wọ̀ ọ́ fún.

Ibi tí ògbufọ̀ ti ń ṣubú jù lọ nìyí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ atúmọ̀ èdè rárá. Gẹ̀ẹ́sì ní ‘she is wearing a red sari’. Ẹni tó ń tẹ̀ lé e lẹ́sẹẹsẹ á mú ‘is wearing’, á sọ ọ́ di kattukuntondi. Àṣìṣe! Ohun tó sọ ni pé obìnrin náà ṣì wà ní yàrá, tó ń so sàrí lọ́wọ́, kò tíì jáde. Bó bá ti wà lára rẹ̀, erra cheera kattukundi ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ohun tó ti kọjá nìyẹn nínú gírámà wọn: ó ti so ó, ó sì wà lára rẹ̀. Yorùbá náà kúkú mọ̀ ọ́n. “Ó wọ aṣọ pupa” la máa sọ nípa ẹni tó jókòó síwájú wa; bí a bá ní “ó ń wọ aṣọ”, a jẹ́ pé ẹ ṣì ní láti dúró dè é.

Bó bá tún jẹ́ ìyá àgbà tàbí olùkọ́ ló so sàrí náà, ọ̀rọ̀ á yí di kattukunnaru, èyí tí wọ́n ń lò fún èèyàn púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń pe àgbà ní “wọ́n”. Kò sí èyí nínú ‘she’.

Ìjà èdè ìwé àti èdè ẹnu yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn. Gidugu Venkata Ramamurthy, tí wọ́n bí lọ́dún 1863, ló jà fitafita pé kí èdè tí èèyàn ń sọ wọnú ìwé àti ilé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, 29 oṣù Ògún, ni wọ́n fi ń ṣe Ọjọ́ Èdè Telugu.

Bí ‘wear’ bá sì wá di ti bàtà tó ti jẹ nísàlẹ̀, kò sí ìkankan nínú àwọn tí mo kà sókè yìí tó wúlò mọ́. Cheppulu arigipoyayi ni wọ́n máa sọ, láti ara arugu, tí wọ́n ń lò fún ohun tó bá ń jẹ díẹ̀díẹ̀.