Jámánì Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Dojú Kọ, Bọ́mà Ni Àwọn Ará Wa Wà

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 1941 ni Jàpáànù ju bọ́ǹbù lu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà. Inú bí gbogbo Amẹ́ríkà, Jàpáànù ni wọ́n sì fẹ́ lọ gbẹ̀san lára rẹ̀. Síbẹ̀, kí oṣù náà tó parí, Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, àti Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti jókòó ní Washington, wọ́n fẹnu kò pé Jámánì ni àwọn máa kọ́kọ́ ṣẹ́gun. Lójú tèmi, wọ́n ṣe ohun tó tọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí bọ́ǹbù tó bọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1940, Harold Stark, ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ṣubú, ó ṣeé ṣe kí Amẹ́ríkà má lè borí níbì kankan mọ́. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ta ló kọ́kọ́ lù wá. Ta ni apá ò ní ká mọ́ bí a bá fi í sílẹ̀ di ọ̀la? Jámánì ti gba Faransé, ó ti wọ Rọ́ṣíà dé ẹ̀bá Moscow. Bó bá borí níbẹ̀, ọkà àti epo rọ̀bì Rọ́ṣíà di tirẹ̀, ta ló tún fẹ́ lé e kúrò? Ṣùgbọ́n bí Jámánì bá ṣubú, Jàpáànù á ku òun nìkan.

Àmọ́, wọn kì í ní kí ojú ogun kan dúró ná kí ẹ̀jẹ̀ má ṣòfò níbẹ̀. Ibi tó dùn mí nìyí. Bọ́mà (Myanmar òde òní), tí Jàpáànù ti gbà, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Division 81 àti 82, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ jà, ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ nínú wọn. Nínú ètò ogun wọn, ẹ̀yìn pátápátá ni Bọ́mà wà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1943, ní Cairo, Roosevelt àti Churchill ṣèlérí fún Chiang Kai-shek, olórí Ṣáínà, pé àwọn á gba ojú òkun kọlu erékùṣù Andaman tó wà lọ́wọ́ Jàpáànù nítòsí Bọ́mà. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, wọ́n fagi lé e: ọkọ̀ tó ń gbé sójà gúnlẹ̀ sí etíkun kò kárí, Yúróòpù sì ń fẹ́ wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944, Division 81 ń fẹsẹ̀ rìn ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, ẹrù lórí, bàálù ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn.

Jámánì túúbá ní oṣù Karùn-ún ọdún 1945. Ìbọn ṣì ń dún ní Bọ́mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ọmọ wa ní ìtàn, bẹ́ ẹ bá ti sọ ti Normandy, etíkun Faransé tí wọ́n gbà wọlé bá Jámánì jà lọ́dún 1944, ẹ sọ ti Kaladan náà.