Èsì wa: ìgò tó ń ṣubú lórí bẹ́líìtì, àti èyí tí ikùn rẹ̀ ń wọnú

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó. A ti ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa: pé ìgò òfìfo ń ṣubú lórí bẹ́líìtì tó ń gbé e lọ kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń rọ òróró, pé ikùn èyí tó ti kún ń wọnú tó bá di ọjọ́ kejì, àti pé ká wá kó ẹ̀rọ wa tó ń rọ òróró sínú ìgò. Ìbínú yín yé wa.

Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ ìgò, pé tuntun yìí fúyẹ́, owó rẹ̀ sì dínkù. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìgò ike tó fúyẹ́, tó ga, tí ìdí rẹ̀ kéré, kò lè dúró nígbà tí àwọn tẹ̀yìn bá ń tì í. Irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì tí a fi sí ìwọ̀n ìgò àtijọ́ ti fẹ̀ jù fún un. Ẹ sún un wọlé, ṣùgbọ́n ẹ má fún un pa, torí ìgò tó bá há níwájú ló ń bi tẹ̀yìn ṣubú. Kẹ̀kẹ́ eléyín tó ń gba ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan náà gbọ́dọ̀ bá ìgò tuntun mu. Tí ẹ bá sì tún fẹ́ ra ìgò tó fúyẹ́ jù báyìí lọ lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀rọ tó ń di ìgò mú níbi òrùka abẹ́ ọrùn ni kí ẹ béèrè. Ọrùn ni ike ti máa ń le jù.

Omi ọṣẹ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ń dà sórí bẹ́líìtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró. Òróró tó ń kán sílẹ̀ ló ń mú un yọ̀. Ẹ wo rọ́bà inú ẹnu tó ń rọ òróró, kí ẹ sì fi àkísà gbígbẹ nu bẹ́líìtì. Omi tó bá ta sínú ìgò á ba òróró jẹ́ kíákíá. Abájọ tí ẹ̀rọ yín fi ń fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ìgò mọ́, tí kì í fi omi ṣàn án.

Ti ikùn tó ń wọnú, kò kan ẹ̀rọ rárá. Òróró gbígbóná lẹ ń rọ. Lítà 1 tí ẹ rọ ní 60°C á ti fi bíi mílílítà 20 súnkì tó bá tutù dé 30°C. Ẹ sì ti dé e pa, afẹ́fẹ́ ò ríbi wọlé, ni ìgò bá fa ikùn mọ́ra. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó rọ ọ́, kí oníbàárà yín má baà wọ̀n ọ́n kó ní ẹ rẹ́ òun jẹ.

Kíkó ẹ̀rọ padà, a ò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ìgò tuntun náà mélòó kan ránṣẹ́, pẹ̀lú fídíò ibi tí wọ́n ti ń ṣubú. A ó gé kẹ̀kẹ́ eléyín sí ìwọ̀n rẹ̀, ẹni tó máa tò ó á sì bá a wá. Tí ìgò bá ṣì ń ṣubú lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pè wá ká wá kó o.